Iná tí Ojú Kò Rí

"Omi ló ń ṣíwájú o! Bí sípíríìtì bá kan ìyẹ̀fun yìí ní gbígbẹ, iná ni!"

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí Àǹtí ń sọ ọ́ kó tó jáde lọ ra síríǹjì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń mi orí bí alángbá, àmọ́ aago ara ògiri ló ń wò.

Bátìrì olómi ni Àǹtí ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọ́n á rọ sípíríìtì sí i, gílóòbù á tàn. Aṣọ dúdú kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun irin kùn. Omi ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń rin ìyẹ̀fun náà, kí wọ́n tó fi sípíríìtì pò ó. Láìsí i, bátìrì náà ò lè ṣiṣẹ́. Èyí tí ọmọbìnrin náà kùn lánàá ti bó. Bí kò bá rí òmíràn kùn kó tó di ọ̀sán, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kíákíá kò ní lè gbé bátìrì wọn wọ ìdíje sáyẹ́ǹsì ilé ìwé wọn.

"Bá a bá ń fomi rin ín, ìgbà wo ló máa gbẹ?" Kíákíá bi í. "Da sípíríìtì sí i jàre. Ẹ̀rù máa ń ba àǹtí ẹ jù."

Ara ọmọbìnrin náà kọ̀ ọ́. Síbẹ̀, ó tún wo aago, ó sì da sípíríìtì lé ìyẹ̀fun gbígbẹ.

Ó dún fùú. Abọ́ dànù, ohun inú rẹ̀ ta sí apá Kíákíá. Wọn ò rí iná, wọn ò rí èéfín.

"Ṣé o rí i? Kò sí nǹ..." Kíákíá bojú wo apá rẹ̀. Apá ẹ̀wù rẹ̀ ń dúdú, ó ń súnkì, nínú oòrùn tó mọ́lẹ̀ kedere. "Yéè! Kí ló ń jó mi?"

Iná sípíríìtì kì í fẹ́ hàn lójú ọ̀sán. Ọmọbìnrin náà ò mọ ibi tó máa pa. Ó kàn gbé garawa omi, ó dà á lé e látòkè délẹ̀.

Nígbà tí Àǹtí fi máa bá wọn nílé ìwòsàn, báńdéèjì ti dé ìgúnpá ọwọ́ ọ̀tún Kíákíá. Ìdánwò àṣejáde ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

"Èmi ni mo da sípíríìtì náà, Àǹtí," ọmọbìnrin náà ń sunkún. "Ẹ sọ fún mi. Mo gbọ́ yín."

Àǹtí ò bú u. Ìyẹn ló dùn ún jù.

Lọ́jọ́ ìdánwò, àga Kíákíá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin náà ṣófo; ó di ọdún tó ń bọ̀ kí Kíákíá tó lè ṣe é. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la ń lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹni tó bá sì fi ìkánjú fo ìgbésẹ̀ kan, ẹlòmíràn lè bá a jẹyà rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni ọmọbìnrin náà fẹ́ jí. Odidi ọdún kan ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi san án.