Elégédé Kan, Ìdílé Mẹ́ta

Nígbà tí búrẹ́dì náà máa wọ inú àgọ́ ọrẹ lẹ́ẹ̀kejì, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ló gbé e, ó ń yan bí ẹni tó gbé adé ọba lọ́wọ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo búrẹ́dì náà, ó tún un wò. Òun fúnra rẹ̀ ló yan án. Ó mọ ọ́n ní àwòrán àdìẹ tó ń sàba: apá òsì jó díẹ̀ nínú ààrò, ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni ń fini ṣẹ̀sín. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sórí tábìlì ọrẹ. Aago mọ́kànlá rèé, àdìẹ tún ń ti ẹnu géètì bọ̀, bí ẹni pé ó jẹ̀ jáde lọ ni.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló yan búrẹ́dì yìí?"

"Ìyàwó mi ni."

"Kí ló fi ṣe ojú rẹ̀?"

Ọkùnrin náà wo ojú àdìẹ, àdìẹ náà wò ó. "Ẹ̀wà ni."

"Kànáfùrù ni. Ìyàwó yín dà?"

Kò sí ìyàwó. Ọkùnrin náà jẹ́wọ́ wẹ́rẹ́ pé ọwọ́ òfìfo lòun bá wá síbi ìkórè, tí ojú sì ń ti òun. Obìnrin alákẹtẹ̀ yẹ́lò kan ló pe òun lábẹ́ igi lẹ́bàá géètì, tó ní ọrẹ wà ní títà fún ẹni tí kò bá mú nǹkan wá. Ó bẹ Ìyá kó má tú òun fó. Ìyá ní kó gbé búrẹ́dì sílẹ̀, kó sì fẹnu mẹ́nu.

Ọdún ìkórè àwọn ẹlẹ́sìn àbáláyé ni. Lọ́dọọdún, bí irè oko bá ti wọlé, àwọn tó ń bọ ilẹ̀ àti oòrùn ní gbogbo ẹkùn náà máa ń pàdé lórí pápá kan. Kálukú á gbé ohun tó ní wá, wọ́n á súre sí i, wọ́n á sì kó o lọ fún àwọn arúgbó ilé ìtọ́jú. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ lọ́dọ̀ àwọn arúgbó, ìdajì ẹrù ti wábi gbà. Àbúrò Ìyá ló wa ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó bi ẹni tó ń ṣọ́ àgọ́ léèrè, nítorí Oníwàpẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é, ohùn rẹ̀ kì í ròkè, erùpẹ̀ kì í sì í kan aṣọ funfun rẹ̀. Orí awakọ̀ ni gbogbo rẹ̀ dà lé. Ẹnìkan tiẹ̀ sọ lójú rẹ̀ pé ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Láti ọjọ́ náà, kò fẹsẹ̀ tẹ pápá yẹn mọ́. Lónìí, ó kàn fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ni. Ó dúró síta géètì, ó ní inú ọkọ̀ lòun máa jókòó sí títí wọ́n á fi ṣe tán.

Ìyá gba abẹ́ igi lọ. Obìnrin náà ti lọ. Koríko tó tẹ̀ ló kù, àti èérún búrẹ́dì, àti ipa bárò lórí ẹrẹ̀. Ó tọ ipa náà lẹ́sẹ̀ bí ológbò tó gbóòórùn ẹja. Ipa ò lọ sí títì. Ó gba ẹ̀yìn ilé ìyàgbẹ́, ó yí àgọ́ àwọn olórin po, ó sì já sí ẹ̀yìn àgọ́ ọrẹ gan-an, níbi tí wọ́n ti la aṣọ àgọ́ tí wọ́n sì fi okùn so ó pọ̀ bí ẹni so bàtà. Ìyá bẹ̀rẹ̀ kó yọjú wò ó ni ẹnìkan wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Oníwàpẹ̀lẹ́ ni.

"Ìyá wa, kí lẹ ń wá?"

"Ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé ni."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bí ariwo bá ta, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ rántí? Mo rí ọkọ̀ àbúrò yín níta."

"Òun náà rí yín."

Irọ́ ni, àmọ́ ẹ̀rín náà rọ díẹ̀.

Ìyá kúrò níbẹ̀. Bó bá pariwo, ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ti ẹni mímọ́ ni, ìdájọ́ ti wà nílẹ̀. Ló bá gba ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà lọ, olórí ẹgbẹ́, tó jókòó tó ń so àgbàdo ní méjì méjì. Ìyá Àgbà wà lára àwọn tó dá awakọ̀ lẹ́bi. Ó gbọ́ ọ títí, ó wá béèrè bóyá ó dá a lójú. Ìyá ní kò dìgbà tó bá dá ẹnikẹ́ni lójú. Kí wọ́n ṣáà ní kí àwọn èèyàn dìde dúró. Nígbà tó ṣàlàyé tán, Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín sínú.

Ní aago méjì, Ìyá Àgbà gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan lọ dúró ti ohun tó gbé wá, kí wọ́n gbọ́wọ́ lé e, kí ire lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mú ọrẹ wá. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ gbogbo èèyàn. Oníwàpẹ̀lẹ́ pàápàá ti mi orí kí ó tó yé e.

Àgbẹ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀ gbọ́wọ́ lé elégédé ńlá. Aránṣọ kan dé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n gbọ́wọ́ lé e. Tíṣà kan dé, òun náà gbọ́wọ́ lé e. Wọ́n kí ara wọn tẹ̀rín-tọ̀yàyà.

"Ẹ jọ̀ọ́, tiwa nìyí," aránṣọ wí.

"Ẹ má bínú o, àwa la gbé e wá," tíṣà wí.

Àgbẹ̀ fi àpá tó wà nídìí elégédé hàn wọ́n, níbi tí ọkọ́ òun ti ṣèèṣì bà á nígbà tó wà lóko. Aránṣọ wo tíṣà, àwọn méjèèjì wolẹ̀. Lápá ibòmíì, èèyàn mẹ́rin di ìgò oyin kan mú lọ́rùn bí ẹni mú ewúrẹ́ tó fẹ́ já. Ní ìkangun tábìlì, bàbá arúgbó kan tó ń hun agbọ̀n dá dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ibi tó ṣófo, ó ń wá agbọ̀n tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta hun. Ẹ̀rín tó ti ń sọ lórí pápá dá wáí.

"Níbo lẹ ti rà á?" Ìyá Oníbúrẹ́dì bi aránṣọ.

Aránṣọ nawọ́. Tíṣà nawọ́. Àwọn olóyin náà nawọ́. Ọ̀kánkán akẹtẹ̀ yẹ́lò kan láàárín èrò ni gbogbo ọwọ́ kọjú sí. Obìnrin náà sáré ṣí i lórí, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nígbà tó rí i pé wọ́n ti yí òun ká, òun náà nawọ́ sí ọkọ rẹ̀, tó wọ aṣọ funfun.

Oníwàpẹ̀lẹ́ ki eré mọ́lẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè: "Ẹ yàgò!" Aṣọ rẹ̀ kọ́ èèkàn àgọ́, ó ya fàà. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó fò kọjá òkìtì iṣu, ó sì já sí ẹnu géètì pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé. Ó kó sínú ọkọ̀ kékeré kan, ó ṣáná sí i. Àmọ́ ọkọ̀ akẹ́rù àbúrò Ìyá ti dábùú ẹnu géètì. Awakọ̀ ò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó kàn rí ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níhòòhò tó ń sáré, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó ń sá báyìí fún ire. Ó paná ọkọ̀, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ sápò.

Ọlọ́pàá méjì tó ń darí ọkọ̀ ló mú un.

"Ó tó ọdún mélòó tẹ́ ẹ ti ń ṣe é?"

"Ọdún yìí nìkan ni."

Ọlọ́pàá kọjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ọdún mẹ́ta," ìyàwó wí.

"Ti èṣí ńkọ́?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Èmi ni. Kí ọkọ̀ tó dé ni mo ti kó o. Awakọ̀ ò mọ nǹkan kan."

Ìyá Oníbúrẹ́dì jókòó sétí bárò kan, ó fi ẹ̀wù iṣẹ́ nu ojú. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ rìn dé ìdí ọkọ̀ akẹ́rù náà, ó di fèrèsé mú.

"Ọmọ mi, a ṣẹ̀ ọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ dárúkọ rẹ. Jọ̀ọ́, má bínú."

Awakọ̀ wo ọwọ́ arúgbó náà lórí fèrèsé. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò.

"Níbo lẹ fẹ́ kí n dúró sí kó ẹrù?"

Wọ́n fi ẹnu àgọ́ ọrẹ hàn án. Ó fi ẹ̀yìn ọkọ̀ wọ pápá ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àwọn èèyàn ń yà fún un, àwọn kan ń pàtẹ́wọ́. Kò wo ẹnì kankan. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n ọ́n dàgbà rí i nínú dígí ọkọ̀ pé ó ń súfèé.