Ẹ̀gún Ẹja Tó Gbé Ọwọ́ Àna Mi Lọ

Ẹnu tèmi yìí, bí wọ́n bá fi ṣe ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ wa ì bá ti yí ayé po lẹ́ẹ̀mejì ká tó jẹun àárọ̀. Mo lè pa òkú lẹ́rìn-ín, kó jí, kí ẹ̀rín náà sì tún pa á padà. Ẹnu yìí náà ló kó bá mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ojú òkun ṣe oko, ẹ gbọ́.

Ọkọ̀ apẹja ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ àbúrò mi obìnrin ló ń tún àwọ̀n ṣe níbẹ̀, Aláwọ̀n la sì ń pè é. Àwọ̀n tí ẹja ńlá bá fà ya bí aṣọ wèrè, kó o tó mu ife omi kan tán, ó ti hun ún padà. Ká ní ojú ọ̀run ya, òun ni wọn ì bá ránṣẹ́ pè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lójú agbami, à ń ṣa ẹja. Ẹ̀gún ẹ̀yìn ẹja kan gún Aláwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò. Ihò náà ò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.

"Yéè!"

Mo ní, "Kí ló dé? Ṣé ẹja ló ń bímọ sí ọ lọ́wọ́ ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó bu omi òkun sí i, ó da dísẹ́ẹ̀lì lé e. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe nìyẹn. A gbà pé omi iyọ̀ ń fọ egbò, pé dísẹ́ẹ̀lì ń pa kòkòrò. Ta ló sọ fún wa? Ẹni tó ti kú ló sọ fún ẹni tó ń kú lọ.

Nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọwọ́ ti wú. Ó fi àkísà wé e. Òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ ti ń rì sínú ẹran ara.

Ó yọ́ wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yìí ń ta mí dé abíyá. Mo fẹ́ sọ fún ọ̀gá ọkọ̀."

Ẹ gbọ́ òfin ọkọ̀ wa ná. Ẹni tó bá ní ara òun ò yá kí yàrá ẹja tó kún, "Adáwapadà" lorúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá kì í pe irú wọn fún ìrìn àjò mìíràn. Nítorí náà, à ń pa àìsàn mọ́ra bí ẹni ń pa ìgbẹ́ mọ́ra.

Èmi tó yẹ kí n fà á lọ́wọ́ lọ bá ọ̀gá, ariwo ni mo pa. "Ẹ wá wo ìyàwó tuntun! Ọwọ́ rẹ̀ ti da aṣọ borí! Ìyàwó, káàbọ̀ sílé ọkọ!"

Àwọn ará ọkọ̀ pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan kúnlẹ̀ kí i. Ọ̀gá alára yọrí lójú fèrèsé, ó rẹ́rìn-ín.

Aláwọ̀n náà rẹ́rìn-ín. Ó tú àkísà, ó sọ ọ́ sómi, ó ki ọwọ́ bọ inú ẹja padà. Kò sọ̀rọ̀ ọwọ́ náà mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ó ṣubú lé àwọ̀n. Ara rẹ̀ gbóná débi pé ẹyin á jinná láyà rẹ̀. Ọwọ́ tóbi bí ìrọ̀rí, ojú egbò dúdú, ilà pupa ń gun apá lọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá sáré sí rédíò. Dókítà kan, lára àwọn tó ń gbọ́ ìpè ọkọ̀ ojú òkun, dáhùn láti etíkun kí ọ̀gá tó pe orúkọ ọkọ̀ tán.

"Ìgbà wo ló gún un?"

"Ó di ọjọ́ mẹ́ta."

"Kí lẹ fi sí i?"

"Omi òkun... àti dísẹ́ẹ̀lì."

 

"Ọ̀gá ọkọ̀, ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, a wà níbí. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò pè?"

"Mi ò mọ̀ pé ó le."

"Ẹ ò mọ̀, ìyẹn ló yẹ kẹ́ ẹ torí ẹ̀ pè! Ẹ ṣí àpótí oògùn. Kí ló wà níbẹ̀?"

Ọ̀gá ṣí i. Káàdì ayò la bá níbẹ̀, àti bátìrì tọ́ọ̀ṣì.

Odindi ọjọ́ kan la fi sáré dé èbúté. Nílé ìwòsàn, wọ́n gé ọwọ́ náà lókè ọrùn ọwọ́. Nọ́ọ̀sì mú àpòòwé kékeré kan fún àbúrò mi, tó ti sáré wá bá ọkọ rẹ̀. Òrùka náà ni, wọ́n ti fi ayùn gé e sí méjì.

Nọ́ọ̀sì ní, "Omi tó mọ́ àti ọṣẹ lẹ ì bá kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́. Ẹ ì bá bọ́ òrùka kí ìka tó wú. Bó ṣe ń wú yẹn, ẹ ì bá pe dókítà lórí rédíò. Bóyá ọwọ́ yìí ì bá ṣì wà lára rẹ̀."

Àbúrò mi wò mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ wà níbẹ̀? Kí lẹ wá ṣe?"

"Eré... eré ni mò ń ṣe."

"Ẹ kú eré o," ló wí, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ẹ̀yin ará ọkọ̀, egbò ojú òkun kò mọ kékeré. Ẹ má da omi òkun tàbí dísẹ́ẹ̀lì sí i. Ẹ fi hàn ọ̀gá lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá ń wú, tó ń dúdú, tí ibà dé tàbí tí ilà pupa ń gòkè, ẹ pe dókítà lórí rédíò kíákíá. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ yẹ àpótí oògùn wò kí ọkọ̀ tó ṣí, ẹ má sì fi àìsàn lé ẹnikẹ́ni kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin aláwàdà bíi tèmi, ẹni tó bá ní ara ń ro òun, ẹ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́.

Mo rí Aláwọ̀n lánàá. Ó fi eyín di okùn mú, ó ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo wá ojú àwọ̀n. N kò rí àwàdà kankan ṣe. Yàrá ẹja tí kò kún lónìí á kún lọ́jọ́ mìíràn. Ọwọ́ kì í hù padà.