Ẹ̀dà Tí Arielle Kò Fi Pamọ́

"Tọ́ntọ̀n, ẹ jẹ́ n fi òkúta fọ́ ọ, ká sọ pé kò ṣeé tún ṣe mọ́."

Arielle, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń pè mí ní Tọ́ntọ̀n, ìyẹn àbúrò bàbá, ló sọ bẹ́ẹ̀. Òṣùwọ̀n oníná Urbain ló ń wò bí ẹni ń wo ejò, níbi tó wà lórí tábìlì mi ní Bantè. Òjò ti pa á, kò tàn mọ́. Ará Savalou ni Urbain, òun ló ń ra kajú jù lọ ní agbègbè wa. Ọdọọdún ló ń wọn kajú bàbá Arielle ní Akpassi, ọdọọdún náà sì ni àpò tó kún dẹ́nu ń fúyẹ́ lórí òṣùwọ̀n rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ sọ̀rọ̀, Urbain dá a lóhùn pé, "Bàbá, òṣùwọ̀n ò mojú ẹnì kankan. Àbí ẹ fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ ní ìṣirò ni?" Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi wolẹ̀. Arielle dúró níbẹ̀, ó sì ti ń wá bó ṣe máa gbẹ̀san lára Urbain láti ọjọ́ náà.

"Fi sílẹ̀," mo ní. "Ẹ̀rọ ò ṣẹ̀ ọ́."

Ẹ jẹ́ n sọ iṣẹ́ mi fún yín, nítorí ìyá mi gan-an kò tíì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ń kọ ètò tí ẹ ń tẹ̀ lórí fóònù. Èmi kọ́. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ń kọ, èyí tó ń jí ẹ̀rọ láàárọ̀ tó sì ń pín iṣẹ́ fún un. Ilé iṣẹ́ kan lókè òkun ni mò ń bá ṣiṣẹ́ láti inú yàrá mi. Bí tiwọn bá parí, tèmi á bẹ̀rẹ̀: rédíò tó ti kú, ẹ̀rọ omi tó dákú, gbogbo wọn ni mò ń jí dìde. Lọ́jọ́ Ìsinmi mo máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Tchetti. Mo sì ń sin awó. Awó mi kì í gbọ́ràn, Arielle sì jọ wọ́n.

Ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ náà ti ń kọ́ṣẹ́ bí ilé ìwé bá ti parí. Ọpọlọ rẹ̀ mú. Òfin kan ni mo fún un, mo sì sọ ọ́ títí ó fi sú mi: kó tó fọwọ́ kan ohun tó wà nínú ẹ̀rọ, kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kó fi í pamọ́.

Mo tún ibi tí omi ti bà jẹ́ ṣe, òṣùwọ̀n tàn. Urbain ti kì mí nílọ̀ pé, "Ọ̀gá Sosthène, ojú rẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ wò o, inú rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan." Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn ta mí lólobó, àmọ́ ọkàn mi ti wà ní Tchetti.

Bí mo ṣe gun kẹ̀kẹ́ jáde lọ́jọ́ Ìsinmi ni Arielle so òṣùwọ̀n náà mọ́ kọ̀ǹpútà mi. Ó rí i. Àṣẹ kan wà nínú rẹ̀ tó ń yọ díẹ̀ kúrò nínú gbogbo àpò kó tó fi iye hàn. Ọwọ́ ènìyàn ló kọ ọ́ síbẹ̀. Ká ní ó dúró dè mí ni, Urbain ì bá ti tẹ́ lọ́sẹ̀ náà. Àmọ́ ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ó pa àṣẹ Urbain rẹ́, ó kọ tirẹ̀: dípò kí òṣùwọ̀n máa yọ, kó máa fi kún un. Ó tú okùn, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, Urbain sì wá gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ lọ.

Àwọn àgbẹ̀ Akpassi yọ̀ lọ́dún náà. Arielle ń dá rẹ́rìn-ín. N ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀san dùn lẹ́nu. Àmọ́ nígbà tí àpò dé Savalou tí wọ́n fi òṣùwọ̀n mìíràn tún un wọ̀n, gbogbo wọn fúyẹ́. Urbain ò ro ti òṣùwọ̀n, nítorí ó gbà pé òun lòun ń fi í jalè. Awaou ló mú.

Awaou ni opó tó ń bá Urbain wọn kajú, tó ń di àpò, tó sì ń ṣọ́ ọ títí ọkọ̀ á fi dé. Assiath, ọmọ rẹ̀, àti Arielle ló jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwé. Lọ́jọ́ ọjà Bantè, Urbain já gèlè lórí obìnrin náà lójú gbogbo ayé. "Olè nìyí. Kajú mi ló ń bù tà. Bí kò bá kó o jáde kí ọjà mìíràn tó ná, àgọ́ ọlọ́pàá ló ń lọ." Lọ́jọ́ kejì, Assiath ò wá sílé ìwé.

Ẹni bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà.

Arielle wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. "Tọ́ntọ̀n, èmi ni." Ó rò ó látòkèdélẹ̀.

"Ẹ̀dà dà?" mo bi í.

"Ẹ̀dà kí ni?"

"Ohun tí Urbain kọ síbẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ dà?"

"Mo ti pa á rẹ́."

Inú bí mi. "Ṣé o mọ ohun tó o pa rẹ́? Ẹlẹ́rìí rẹ ni. Ọwọ́ Urbain wà nínú ẹ̀rọ yẹn, o bá a nù ún dànù, o wá fi tìrẹ síbẹ̀."

"Bí mo bá dákẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n á mú ìyá Assiath."

Ó sunkún, ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ gbé mi lọ sí Savalou."

Àwa, bàbá rẹ̀ àti Awaou la jọ lọ. Níwájú àwọn oníṣòwò, mo so òṣùwọ̀n mọ́ kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn rí àṣẹ tó ń fi kún ìwọ̀n náà. Arielle kúnlẹ̀. Awaou ló kúnlẹ̀ fún, kì í ṣe Urbain. "Èmi ni mo kọ ọ́. Ìyá Assiath ò mú ẹyọ kajú kan." Ó wá kọjú sí Urbain. "Àmọ́ tiyín ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀ ń yọ nínú àpò bàbá mi."

Urbain rẹ́rìn-ín músẹ́. "Fi hàn wá."

"Mo ti pa á rẹ́."

"Ẹ ò gbọ́? Ó ti pa á rẹ́."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín ti ọjọ́sí gan-an. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ọwọ́ ń yún mi láti gbá a létí, àmọ́ kò sí ẹ̀rí lọ́wọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n mi fi kajú oko rẹ̀ dí gbogbo ohun tó dín. Lójú ọ̀nà, Awaou sọ fún Arielle pé, "O fọ orúkọ mi mọ́, o ṣeun. Àmọ́ ìwọ náà lo yí i lẹ́rẹ̀." Kò bá Urbain ṣiṣẹ́ mọ́.

Mo gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ Arielle ní gbogbo àsìkò òjò, mo ní kó máa tọ́jú awó. Lọ́jọ́ kan tó ń pọnmi fún wọn, ó dúró. "Tọ́ntọ̀n, lítà omi kan, kílò kan ni, àbí?"

"Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Nígbà tí kajú tún dé, Urbain gbé òṣùwọ̀n tuntun kalẹ̀ ní Akpassi. Awaou jáde wá pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì òfìfo. Àwọn àgbẹ̀ ti yàn án láti dán òṣùwọ̀n wò, Arielle ló sì kọ́ ọ bí yóò ṣe ṣe é. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọn omi," ló wí. Ó wọn kẹ́ẹ̀gì náà lófìfo, ó wá ń bu omi sí i ní lítà kọ̀ọ̀kan, gbogbo ènìyàn ń kà á. Omi lítà mẹ́wàá. Òṣùwọ̀n ní kílò mẹ́jọ ni.

Ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi tó máa ń wolẹ̀ gbójú sókè. "Urbain," ó ní, "òṣùwọ̀n ò mojú ẹnì kankan."

Urbain kó àpò òfìfo rẹ̀ sọ́kọ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí abúlé kan nítòsí tó ń ta kajú láìkọ́kọ́ wọn omi.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kà á, wọ́n lè rẹ́ yín jẹ, ó sì lè dùn yín wọra. Ẹ má fi ìrẹ́jẹ gbẹ̀san ìrẹ́jẹ, nítorí ọjọ́ tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ pa ẹ̀rí tiyín rẹ́, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló sì máa jìyà rẹ̀. Ẹ fi òtítọ́ pamọ́ títí ọjọ́ rẹ̀ á fi pé. Mo ti dá kọ̀ǹpútà padà fún Arielle. Ẹ̀dà ló ń kọ́kọ́ ṣe báyìí.