Ẹ Má Fọ Dọ́là Ìyá Àgbà

Eérú ti wà nínú abọ́, Màámi ti la ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, kànrìnkànrìn sì ti wà lọ́wọ́ wọn. Dọ́là fàdákà ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí Ìyá Àgbà jogún lọ́wọ́ bàbá wọn tó ṣòwò dé Kùmásì ni wọ́n fẹ́ fọ̀. Ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tí ì fọ̀ ọ́."

"Mardiyah, ṣé ìdọ̀tí la máa gbé síwájú ẹni tó fẹ́ rajà?"

Ẹ ò mọ Màámi ni. Ìkòkò tí kò bá dán, wọn kì í pè é ní ìkòkò.

Owó iṣẹ́ abẹ ojú Ìyá Àgbà là ń wá. Ó ti pẹ́ tí awọ funfun ti bo ojú wọn méjèèjì. Ohùn ni wọ́n fi ń dá wa mọ̀ nílé wa ní Ìgàndò. Jàfárù, alágbẹ̀dẹ fàdákà ní Ìkọ̀tún, ní òun máa wọ̀n ọ́n, òun á yọ́ ọ, òun á sì sanwó lójú ẹsẹ̀ kí òun tó rìnrìn àjò nírọ̀lẹ́. Owó ọ̀hún kò tó wo ojú kan sàn.

"Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀ jàre," ni Zikrullah ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ta ló máa ra irin dúdú?"

Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ wọ èmi náà létí, torí owó tó wà nílẹ̀ dùn ún wò. Ṣùgbọ́n mo rántí olùkọ́ ìtàn wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan, tó ń kó owó àtijọ́ jọ. Mo kúnlẹ̀. "Màámi, abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi hàn wọ́n."

Màámi pòṣé, wọ́n gbé kànrìnkànrìn sílẹ̀. "Tí Jàfárù bá lọ, ìwọ lo máa ṣàlàyé fún ìyá mi." A gba Ẹ̀gbẹ́dá lọ, níbi tí olùkọ́ mi ń gbé.

Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan kò fọwọ́ kan ojú owó náà, etí rẹ̀ ni wọ́n dì mú. Wọ́n fi awò wo ọdún tó wà lára rẹ̀, 1889. Wọ́n yí i padà, wọ́n wo abẹ́ ẹyẹ idì, wọ́n rí lẹ́tà C méjì níbẹ̀. Wọ́n wò ó bóyá irun obìnrin tó wà lójú rẹ̀ ti pa rẹ́.

"Màmá Mardiyah, ṣé ẹ ti fọ̀ ọ́ rí?"

Màámi wojú mi. "Rárá, sà. Ọmọ yìí ni kò jẹ́."

"Ẹ ṣeun. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Dúdú ara rẹ̀ yìí làwọn akówójọ fẹ́ rí. Ká ní ẹ ti fi eérú ha á ni, iye rẹ̀ á já wálẹ̀. Lẹ́tà C méjì yìí ń tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti rọ owó náà, wọn kò sì rọ púpọ̀ níbẹ̀ lọ́dún náà. Lójú tèmi, ó máa tó iṣẹ́ abẹ ojú méjèèjì, á sì ṣẹ́kù."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan fúnra wọn ló bá wa wá akówójọ tó rà á. Inú mi dùn débi pé mo ń yan láàárín ilé bí ìyàwó ọba.

Lọ́jọ́ tí àwọn dókítà tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú Ìyá Àgbà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, Ìyá Àgbà wo Màámi, wọ́n sunkún. Wọ́n wá wò mí látòkèdélẹ̀.

"Mardiyah, ìwọ lo dúdú tó báyìí? Má jẹ́ kí ìyá ẹ fi eérú fọ̀ ẹ́ o."

Màámi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ohun tí ẹ ò bá mọ iye rẹ̀, ẹ má kánjú tà á, ẹ má sì kánjú tún un ṣe. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.