Ọta Elétí

Àwọn ọta tó wà lórí tábìlì yí imú padà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n dojú kọ Àyọ̀ká bó ṣe ń wọlé. Kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ó kàn kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni: "Ẹ kú isẹ́ o!"

"Háà! Àyọ̀ká, àwọn ọta ti rí ìyàwó!" Ìyá Dúnkẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, òun ló dàgbà jù nínú àwọn obìnrin tó ń ṣe ọta nílé iṣẹ́ náà. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Orí Ayé Pupa ni, níbi tí ìlú méjì ti ń jagun nítorí omi dídì. Yorùbá ni ìlú méjèèjì ń sọ, ṣùgbọ́n ohun tí ará Òkè-Ìmọ́lẹ̀ ń pè ní "iṣẹ́", "isẹ́" ni lẹ́nu ará Odò-Gbígbẹ. Ojú wọn kò yàtọ̀, aṣọ wọn kò yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí Látúnjí, ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀rọ ní Òkè-Ìmọ́lẹ̀, fi ṣe ọta elétí. Ọta yìí kì í wojú, ohùn ló ń gbọ́. Àwọn obìnrin Odò-Gbígbẹ tí wọ́n lọ́kọ sí Òkè-Ìmọ́lẹ̀ ni ìjọba kó jọ láti máa sọ̀rọ̀ sí i létí kí wọ́n tó ki ẹ̀tù sí i. Ìjọba ṣèlérí fún wọn pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ bíi tiwọn, ọta yóò yà fún un.

Nítorí ìlérí yìí ni Àyọ̀ká ṣe gbà. Ìyá rẹ̀ ṣì wà ní Odò-Gbígbẹ. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ tó rántí ló sọ sí àwọn ọta náà létí, bó ṣe ń pè é, bó ṣe ń bú u, bó ṣe ń kì í.

Látúnjí sáré wọlé. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn tí a ti jí dìde nìyẹn, wọ́n ṣèèṣì gbé wọn wá síbí ni."

Ọta kankan ò mira.

"Sé ẹ̀ ń wò wọ́n, ọ̀gá?" Ìyá Dúnkẹ́ bi í. Kíá, àwọn ọta fi Àyọ̀ká sílẹ̀, wọ́n dojú kọ ìyá náà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ ní wọn ó yà fún wa. Èyí ò jọ ẹni tó fẹ́ yà."

"Màmá, ohun tí etí bá ti mọ̀, a lè ní kó yẹra fún un, a sì lè ní kó wá a lọ. Ilé Ogun ìjọba ló ní kó wá a lọ."

"Ìgbà wo ni wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà?"

Látúnjí ò wò ó lójú. "Wọn ò yí i, mà. Bẹ́ẹ̀ ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá sọ òótọ́ fún yín, ta ni ìbá sọ̀rọ̀?"

Irú ìbéèrè tí àwọn ọ̀mọ̀wé ìjọba máa ń bi ẹni tí wọ́n ti tàn jẹ tán nìyẹn.

"Àwọn tí ẹ kó jáde láàárọ̀ ńkọ́?" Àyọ̀ká ló bi í.

"Wọ́n ti fìbọn yìn wọ́n. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Odò-Gbígbẹ."

Ìyá Dúnkẹ́ fa Látúnjí lọ́rùn aṣọ. "Gbé ẹ̀rọ ìpè rẹ fún Àyọ̀ká, ìwọ ọmọ yìí! Ẹnu wa lo fi ń pa ìyá wa!"

Ogun kò tíì gé ìpè láàárín ìlú méjèèjì. Àyọ̀ká pe ìyá rẹ̀, ìyá náà sì gbé e.

"Màámi, èmi ni. Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ wọlé, kí ẹ panu mọ́."

"Ta ní n má sọ̀rọ̀? Osù mélòó rèé tí mi ò gbóhùn ọmọ mi!"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́! Ọta ń bọ̀, ohùn yín ló ń wá. Ẹ dákẹ́!"

"Ọta wo ní ń wá ohùn?" Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Àyọ̀ká, sé ara rẹ yá sá? Sé o ti jẹun?"

Àyọ̀ká gbọ́ ìró kékeré kan nínú ẹ̀rọ ìpè náà, bí ìgbà tí kòkòrò bá fò kọjá létí èèyàn. Ó ní, "Màámi?" Ó dúró, ó tún pè é.

Látúnjí na ọwọ́ pé kó dá ẹ̀rọ òun padà.