Ẹ Mí Sínú, Ẹ Dì Í Mú

Ojú méjèèjì nìkan ni obìnrin náà kọ́kọ́ rí lára ọkùnrin tó fẹ́ ya àwòrán àyà rẹ̀. Ìbomú bo imú àti ẹnu rẹ̀, fìlà iṣẹ́ bo orí rẹ̀ dé iwájú, ẹ̀wù òjé tí wọ́n fi ń dènà ìtànṣán sì bo ìyókù láti ọrùn dé orúnkún. Ojú tó ń rẹ́rìn-ín ló ṣẹ́ kù.

Nọ́ọ̀sì tuntun ni obìnrin náà. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó gbé e wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, àpótí rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ní ilé ìwòsàn náà, ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya àwòrán àyà. Ó gbé àyà lé pátákó tútù ti ẹ̀rọ ẹ́síréè.

"Ẹ mí sínú," ni ọkùnrin náà wí láti ẹ̀yìn gíláàsì. "Ẹ dì í mú."

Ó dì í mú. Ẹ̀rọ dún, ó dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kó mí síta. Nígbà tí ó bojú wẹ̀yìn, ọkùnrin náà dúró, ó ń wò ó, bí ẹni tó dé ọjà tó gbàgbé ohun tó wá rà.

"Ìwọ," ló fi èémí tó kù sọ, "ṣé o fẹ́ kí n kú kí wọ́n tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ni?"

"Ẹ mí o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mí. Ẹ má bínú."

Nọ́ọ̀sì ti rò pé ọmọ iṣẹ́ ni. Àfi ìgbà tí ọkùnrin náà jáde, tó bọ́ ìbomú, tí irùngbọ̀n rẹ̀ yọ, tí ewú sì ti wà nínú rẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ẹni tí kì í kí èèyàn lẹ́ẹ̀mejì, dúró kí i: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́." Òun gan-an ni ọ̀gá ibi tí wọ́n ti ń ya àwòrán egungun. Ẹ̀gbọ́n Fọ́tò ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é.

Ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu gbé nọ́ọ̀sì mì. Láti ọjọ́ yẹn, "ẹ" ló kù lẹ́nu rẹ̀. Ẹ kú àárọ̀, sà. Ṣé ẹ ti jẹun, sà?

Ọkùnrin náà kò sì sá fún un. Fèrèsé yàrá tí wọ́n fún nọ́ọ̀sì kì í tì, òjò ń fọ́n wọlé sórí ibùsùn. Ẹ̀gbọ́n Fọ́tò mú òòlù wá lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, ó tún un ṣe, ó gbá ìdọ̀tí tó dá sílẹ̀, ó sì lọ láìjókòó. Ìyẹn wọ nọ́ọ̀sì lọ́kàn ju ọ̀rọ̀ dídùn lọ. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ táǹkì omi lẹ́yìn iṣẹ́, tí wọ́n ń pín búrẹ́dì àti ẹyin jẹ.

"'Ìwọ' mi dà?" ni ọkùnrin náà bi í lọ́jọ́ kan.

"Èwo nìyẹn, sà?"

"Èyí tí o fi bá mi wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní 'ìwọ' mọ́ níbí. Mo fẹ́ràn rẹ̀, o wá gbà á padà."

"Àgbà ni yín. Irùngbọ̀n yín ti hewú."

"Irùngbọ̀n nìkan ni. Àyà mi ò tíì hewú. Mo ti yà á wò."

Ẹyin fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Lórí bẹ́ǹṣì yẹn náà ni ọkùnrin náà ti sọ fún un, láìlọ́ ọ, pé òun fẹ́ kó jẹ́ aya òun.

Nọ́ọ̀sì wo ilẹ̀. Aránṣọ ni màmá rẹ̀, opó ni, kò sì bí ọmọ mìíràn. Ọdún kan ṣoṣo ló fún un láti fi ṣiṣẹ́ níbí kó tó padà sílé, wọ́n sì ti bá a rí iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí ilé. Nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Fọ́tò lórí fóònù, màmá pa fóònù náà.

"Mo ti ṣèlérí fún màmá mi pé màá padà," ni nọ́ọ̀sì wí. "Bí ẹ bá tún gbọ́ 'ìwọ' lẹ́nu mi, kí ẹ mọ̀ pé mo ti di tiyín. Bí ẹ ò bá gbọ́ ọ, kí ẹ bá mi di àpótí."

"Màá máa tẹ́tí," ni ọkùnrin náà wí. Kò sì tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Ọdún ń parí lọ. Màmá kò dúró kó pé. Ó wá fúnra rẹ̀, pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn àti ikọ́ tí kò jẹ́ kó parí gbólóhùn kan. Ó bá ọmọ rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Ìyá arúgbó kan ń kọ oògùn lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá gbé e wá, ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì dé, ó lanu bí ọmọ ọwọ́. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó títí.

"Palẹ̀ mọ́," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ilé yá."

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya àyà yín, Màmá. Ikọ́ yẹn ò dùn mọ́ mi nínú."

Nínú yàrá ẹ́síréè, Ẹ̀gbọ́n Fọ́tò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. "Ẹ mí sínú, mà. Ẹ dì í mú. Ó ti tó, ẹ mí." Ó wo àwòrán náà dáadáa. "Ẹ̀dọ̀fóró yín mọ́, mà. Èérún aṣọ ló ń yọ yín lẹ́nu. Ẹ máa bo imú bí ẹ bá ń gé aṣọ."

Màmá kò kúrò nídìí ẹ̀rọ. "Ṣé ìwọ lo fẹ́ gba ọmọ mi, kí n máa fi fóònù rí i títí n ó fi kú?"

"Rárá, mà. Bó bá bá yín lọ, màá tẹ̀ lé e."

"Kí lo fẹ́ wá ṣe lọ́dọ̀ wa?"

"Àwọn èèyàn yín náà ní egungun, mà."

Ẹnu màmá mì díẹ̀, ó tètè fún un pọ̀. Ẹ̀gbọ́n Fọ́tò dúró, àwòrán lọ́wọ́, ó gbé èjìká sókè, kò mí. Nọ́ọ̀sì wò ó. Ẹni tó ṣe tán láti fi ipò ọ̀gá sílẹ̀ nítorí òun nìyí, kò sì sọ ọ́ fún òun rí lórí bẹ́ǹṣì, kó má bàa dà bí ẹni tó ń rọ òun.

"Mí," ló wí.

Ọkùnrin náà yíjú sí i wéré.

"Ìwọ ni mò ń bá wí. O ti dì í mú jù. Mí."

Ó mí kanlẹ̀.

Màmá gbaná jẹ. "Ta lò ń sọ̀rọ̀ sí báyẹn? Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni? Wọn kì í bá ọkọ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé wa."

Màmá fúnra rẹ̀ gbọ́ 'ọkọ' tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ó wo àjà, ó wo bàtà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í de bọ́tìnnì bùláòsì rẹ̀ bí ẹni pé bọ́tìnnì ló ṣẹ̀ ẹ́.

"Kò sẹ́ni tó ń lọ sí ibì kankan," ló wí. "Arúgbó tó wà ní wọ́ọ̀dù yẹn ò ní gba oògùn lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Èmi ni n ó kó wá síbí. Ṣebí àwọn ará ibí náà ń wọ aṣọ. Àmọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi wúwo o. Èèyàn méjì ló ń gbé e."

"Àwa méjì nìyí, Màmá," ni Ẹ̀gbọ́n Fọ́tò wí.