Àpótí Tí Kò Tíì Ṣe É Tà

Gbàù! Gbàù!

Èérún àjà já bọ́ sínú ife kọfí Amos Ochoa.

"Ẹ sùn mọ́lẹ̀! Ẹni tó bá gbórí sókè, orí náà á fò lọ!"

Aago méjì ọ̀sán ni. Yìnyín ń rọ̀ níta bí ẹni ń gbọn òwú. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ọdẹ àgbọ̀nrín ńlá ni, gbogbo ọkùnrin Talus, ìlú wa orí òkè, ló ti wọ igbó lọ. Arúgbó àti aláìsàn ló kù nílé. Olè tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń yan irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Rusk Dowell sì mọ iṣẹ́ rẹ̀!

Ó ga, ó tinrin, ojú rẹ̀ sì tutù bí ojú ẹja orí àtẹ. Ọmọ ẹ̀yìn méjì ló kó wá. Tully ni èkíní, ẹlẹ́nu bí aago. Èkejì ni Pike onírùngbọ̀n pupa, tí ọ̀bẹ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi aṣọ bo imú.

Amos àti Wilma àbúrò rẹ̀ obìnrin nìkan ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọdún kejìdínlógójì rèé tí wọ́n ti ń ta ìbọn àti àpótí ìbọn nínú ìlú wa. Wilma ti sùn mọ́lẹ̀. Amos dúró sójú kan.

"Orúnkún mi kò tẹ̀ mọ́," ó wí. "Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n sùn mọ́lẹ̀, ẹ wá gbé mi."

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́ bàbá yìí!" Tully bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n fọ́ gíláàsì. Fọ̀ọ̀ṣì! Wọ́n kó ìbọn gígùn mẹ́rin tó níyelórí jù àti ìbọn ìléwọ́ mẹ́ta. Rusk gbé ọwọ́ sókè.

"Ó tó. Ìbọn kọ́ ló gbé mi wá. Àpótí ni mo wá rà."

"Rà" ló wí o! Ojú kò tiẹ̀ tì í.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọgbọ́n ọkùnrin yìí fún yín. Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ mẹ́ta ló ń wá a lọ́dún yẹn. Wọ́n dí ọ̀nà, wọ́n ń wá ẹni tó fi ìbọn pamọ́. Rusk kì í fi ìbọn pamọ́! Bó bá ti jalè tán, á kó ìbọn sínú àpótí líle, á ti àgádágodo mọ́ ọn, á wọ ẹ̀wù ọdẹ aláwọ̀ ọsàn, á sì gba pápá ọkọ̀ òfuurufú lọ. Á fi ẹnu ara rẹ̀ wí fún obìnrin ìdí káńtà pé, "Ìbọn ni mo gbé o." Wọ́n á ní kó fọwọ́ síwèé. Á ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò. Wọ́n á gbé àpótí wọnú ọkọ̀ fún un bí ọmọlúàbí.

Ta ní í fura sí ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́? Àwọn olè mìíràn ń ra oògùn. Àpótí ni oògùn ti Rusk.

Ṣùgbọ́n oògùn náà ti dà á rí. Àpótí ọjọ́ sí fọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ju ẹrù, ìbọn olè yọrí síta, Rusk sì sá fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló ti búra pé òun kò ní lo jákujàku mọ́.

"Èyí ńkọ́?" Pike fi ẹsẹ̀ ta àpótí dúdú kan.

"Ike lásán nìyẹn," Amos dáhùn. Ìbọn dojú kọ ọ́, síbẹ̀ ẹnu ọlọ́jà kò lè dákẹ́. "Ó dára láti ilé dé pápá ìyìnbọn. Àwọn tó ń ju ẹrù á fọ́ ọ bí ẹyin."

"Aláwọ̀ fàdákà yẹn ńkọ́?"

"Ó rẹwà lójú. Bó bá tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ìdérí kò ní bá ara rẹ̀ mu mọ́. Olè á ki ìka bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

"Olè! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rólè!" Tully di ikùn mú.

Rusk kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ti bọ́ sí ẹ̀yìn káńtà, níbi tí àpótí ńlá aláwọ̀ eérú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada omi.

"Ìyẹn ńkọ́?"

Amos wo agbada náà. "Ìyẹn kò tíì ṣe é tà."

"Kí ló ṣe é?"

"Rọ́bà etí rẹ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀. Mi ò tíì rì í sómi kí n mọ̀ bóyá ó ń jo. Àpótí tí mi ò bá tíì rì sómi, mi kì í tà á fún ẹnikẹ́ni."

Rusk wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹ wo àrékérekè àgbà! Èyí tó dáa jù ló ń gbé pa mọ́ fún wa!"

Ó gun orí àpótí náà, ó fò lórí rẹ̀. Gbì! Gbì! Tully gbé e síta, ó wa ọkọ̀ gun orí rẹ̀. Gìrììì! Kò tẹ̀, kò fọ́. Fóòmù inú rẹ̀ nípọn, ihò àgádágodo mẹ́rin ló sì wà létí rẹ̀.

"Ọkọ mi rèé!" Tully fẹnu ko àpótí lẹ́nu.

Wọ́n to ìbọn sínú rẹ̀. Rusk yọ ìbọn ìléwọ́ tirẹ̀, ọta ṣì wà nínú rẹ̀, ó gbé e lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ó ní kí Tully àti Pike náà tú tiwọn sílẹ̀.

"Ìbọn ara mi náà kẹ̀, ọ̀gá?" Tully béèrè.

"Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹran igbó wà nísàlẹ̀ òkè, wọ́n ń yẹ ọkọ̀ ọdẹ wò. Bá a bá ti di ọdẹ, ọdẹ la jẹ́. Ọ̀bẹ nìkan ló gbọdọ̀ wà lára wa."

Ó pa ìdérí dé. Nígbà náà ló rí síkúrù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ àpótí.

"Kí ni tibí?"

"Ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù," Amos wí. "Ẹni tó bá ti òkè yìí sọ̀ kalẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́..."

Gbòsà! Ẹ̀yìn ọwọ́ Rusk bà á lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn.

"Ó tó! O ti polówó jù! Bí mo bá tún gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ nìyẹn. Ṣé o gbọ́?"

Rusk fọwọ́ ara rẹ̀ fún síkúrù náà mọ́ra dáadáa kí yìnyín má bàa wọlé.

Amos nu ẹnu, ó sì dákẹ́.

Wọ́n ti Wilma mọ́ yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n wọ́ Amos lọ sínú ọkọ̀.

"Kí la fẹ́ fi arúgbó ṣe, ọ̀gá?" Tully béèrè.

"Òun ni ìwé ìrìnnà wa. Bí ọlọ́pàá bá lé wa bá, ẹ̀mí rẹ̀ la ó fi bá wọn sọ̀rọ̀. Bá a bá dé odò láìrí ẹnì kan, kò wúlò mọ́."

Amos gbọ́ gbogbo rẹ̀. Fùùùù! Ọkọ̀ ṣí.

* * *

Ọlọ́pàá mẹ́rin péré ló wà nílùú wa. Ọ̀kan nínú wọn ni Renata, ọmọ kan ṣoṣo tí Amos bí. Òun ló fi èjìká já ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn.

"Wọ́n ti gbé bàbá ẹ lọ!" Wilma ké. "Renata, wọ́n fẹ́ pa á lódò! Mo gbọ́ ọ lójú fèrèsé!"

"Ẹ rọra, àǹtí mi. Ìbọn mélòó ló wà lára wọn?"

"Kò sí! Inú àpótí eléérú ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí, tiwọn náà! Ibí ni wọ́n ti fún síkúrù rẹ̀ mọ́ra. Amos fẹ́ kìlọ̀ fún wọn, ni wọ́n bá gbá a lẹ́nu!"

Renata yíjú bìrí.

Grady Lomax, ọ̀gá wọn, ti wà lórí rédíò. "Ẹ dí ọ̀nà ní Ẹnu Àpáta! Wọn ò tíì kọjá ibẹ̀!"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dí i!" Renata di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀."

"Orí ẹ dàrú ni?"

"Ẹ rántí ike omi, ọ̀gá. Èyí tá a mu tán níbí, tá a dé e pa, ṣé kì í fún pọ̀ bá a bá dé pẹ̀tẹ́lẹ̀? Afẹ́fẹ́ òkè wa fúyẹ́. Afẹ́fẹ́ fífúyẹ́ ni wọ́n pa mọ́nú àpótí yẹn. Bí wọ́n bá gbé e dé ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ ìta á jókòó lé ìdérí rẹ̀ bíi màlúù. Àyàfi tí wọ́n bá tú síkúrù kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, wọn ò lè ṣí i. Bá a bá dá wọn dúró ní Ẹnu Àpáta, òkè ṣì nibẹ̀, á ṣì ṣí. Ìbọn á wà lọ́wọ́ wọn, bàbá mi á sì wà láàárín."

Lomax wò ó. "O fẹ́ fi ẹ̀mí bàbá ẹ lé síkúrù lọ́wọ́?"

"Bàbá mi kì í ta àpótí tó ń jo."

Ó fi gbogbo ọkàn sọ ọ́. Wilma ń sunkún, kò rántí sọ pé àpótí yẹn kò tíì kan agbada omi.

* * *

Ọ̀nà ń yí, ó ń sọ̀. Etí wọn ń dí.

"Etí ń ro mí o," Tully ń ráhùn. "Ó ń dún pọ́ọ̀, pọ́ọ̀."

"Gbé itọ́ mì, kó o pa ẹnu dé."

Àárín àpótí àti Pike ni wọ́n fún Amos sí. Ẹnu ọ̀bẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà rẹ̀ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Arúgbó náà fi etí lé àpótí. Ohun kan ṣoṣo ló ń fetí sí. Bí rọ́bà tuntun yẹn bá ń jo, á gbọ́ ìró afẹ́fẹ́ tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ó bẹ Ọlọ́run pé kí òun má gbọ́ nǹkan kan.

Kò lè mọ̀. Ariwo ẹ́ńjìnnì pọ̀ jù.

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ṣọ́ ẹran igbó. Hollis, ọmọ ìlú wa, ló wà níbẹ̀. Ó mọ Amos láti kékeré. Renata sì ti bá a sọ̀rọ̀ lórí rédíò pé kó jẹ́ kí wọ́n kọjá.

"Ẹ kú ọdẹ o," Hollis wí. "Ẹ pa nǹkan kan?"

"Ọwọ́ òfo ni, ẹ̀gbọ́n," Rusk dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. "Bàbá wa ṣubú, ẹnu rẹ̀ bẹ́. À ń gbé e lọ sílé."

Hollis wo àgádágodo mẹ́rin. Ó wo ojú Amos. Amos ń wo ọ̀ọ́kán.

"Ẹ máa lọ. Ẹ rọra wakọ̀ o."

Bí wọ́n ṣe kọjá, Hollis jókòó sórí yìnyín. Ó gbé rédíò sẹ́nu, ó ní wọ́n ti kọjá.

* * *

Odò ti gbẹ kù díẹ̀, igi yí i ká. Kò sí yìnyín níbẹ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ gbóná díẹ̀. Wọ́n wọ́ Amos bọ́ sílẹ̀.

"Kúnlẹ̀," Pike wí.

"Orúnkún rẹ̀ kì í tẹ̀," Tully fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Pike gbá a lẹ́sẹ̀, ó ṣubú. Ọ̀bẹ gòkè.

Wíììì! Wíììì! Wíììì!

Ọkọ̀ ọlọ́pàá méjì yọ lórí òkè kékeré!

"Àpótí!" Rusk pariwo. "Ẹ ṣí àpótí!"

Kọ́kọ́rọ́ ń dún. Àgádágodo kan já bọ́, èkejì, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin. Rusk di ìdérí mú, ó fà á.

Kò mì.

Ó tún fà á. Èékánná rẹ̀ ṣẹ́. Tully dì í mú pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n fà á títí ọrùn wọn fi yọ iṣan. Kò mì rárá!

"Kí lo ṣe sí àpótí yìí? Arúgbó, sọ̀rọ̀!"

Amos wò ó. Ó fi ìka kan ètè ara rẹ̀ tó ti wú.

"Pike! Fi ìyẹn sílẹ̀! Mú ọ̀bẹ wá!"

Pike sá wá. Ó ki ẹnu ọ̀bẹ sí etí ìdérí, ó fi gbogbo agbára tẹ ọ̀bẹ náà kí ìdérí lè ṣí.

Kẹ́! Ọ̀bẹ dá sí méjì.

Ọkọ̀ ti dé. Pike sá bọ́ sínú odò, ibẹ̀ ni Lomax ti pàdé rẹ̀. Tully na ọwọ́ méjèèjì sókè kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Ṣùgbọ́n Rusk ṣì kúnlẹ̀ ti àpótí. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí síkúrù. Ó rántí ọ̀rọ̀ tí arúgbó kò parí. Ó gbá síkúrù mú, ó yí i.

Ṣíííííííí!

Afẹ́fẹ́ ń wọlé! Rusk rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ìdérí ti gbà. Ọwọ́ rẹ̀ ti wọnú àpótí, ó ti kan ìdí ìbọn!

Gbàm!

Bàtà Renata balẹ̀ sórí ìdérí. Rusk ké bí ẹran tó há sí pàkúté. Ẹnu ìbọn Renata sì ti wà ní àtàrí rẹ̀.

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀," ó wí. "Má tiẹ̀ mí."

Wọ́n de Rusk. Ó ń wo Amos bí ẹni rí iwin.

"O mọ̀! O mọ̀ látòkè wá, o dákẹ́!"

Amos bojú wo ọmọ rẹ̀. "Ṣé mo lè sọ̀rọ̀ báyìí?" Ó tutọ́ ẹ̀jẹ̀, ó yíjú sí Rusk. "Mo fẹ́ sọ fún ẹ. O gbá mi lẹ́nu."

Renata gbá bàbá rẹ̀ mọ́ra, kò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé kò ní jo, bàbá mi. Mo sọ fún ọ̀gá. Mo ní àpótí yín kì í jo."

Amos ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

"Renata, ìyẹn kò tíì ṣe é tà. Lánàá ni mo pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀. Mi ò tíì rì í sómi."

Ọmọbìnrin náà wo àpótí, ó wo bàbá rẹ̀. Ó jókòó sórí iyanrìn pẹ̀lú aṣọ ọlọ́pàá lọ́rùn, ó sì sunkún kíkankíkan. Ẹ̀rù tí kò bà á láti ọ̀sán, ìgbà yẹn ló tó dé.

Àpótí eléérú náà ṣì wà lẹ́yìn káńtà. Àmì ìka Rusk wà létí rẹ̀. Bí ọdẹ àjèjì bá béèrè iye rẹ̀, Amos á wo agbada omi, á ní, "Èyí kò ṣe é tà."